Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ilẹ̀ wo ni èso àjàrà inú ìgò yìí ti hù?

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, a fi gbólóhùn kan ṣoṣo mẹ́nu ba bí àwọn onímọ̀ ṣe ń yẹ wáìnì wò kí wọ́n lè mọ ilẹ̀ tí èso àjàrà rẹ̀ ti hù. Lẹ́tà tí gbólóhùn kan yẹn fà pọ̀ ju èyí tí a retí lọ. Márùn-ún ni mo yàn nínú wọn, mo sì gé àwọn tó gùn jù kúrú.

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kọ ọ́ pé bí wọ́n bá bu wáìnì díẹ̀ nínú ìgò, wọ́n lè sọ irú ilẹ̀ tí èso àjàrà tí wọ́n fi pọn ọ́n ti hù, láìwo ìwé tó wà lára ìgò rárá. Ó ṣòro fún mi láti gbà gbọ́, torí omi pupa lásán ni èmi ń rí nínú ife. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Èsì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní ààlà, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ààlà yẹn sọ́kàn láti ìsinsìnyí. Ohun tí àyẹ̀wò yìí mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ ni kí ó sọ pé wáìnì kan kò lè ti ibi tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ wá. Kí ó tó lè sọ pé ibi báyìí gan-an ló ti wá, iṣẹ́ mìíràn wà níbẹ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Kì í ṣe omi nìkan ni gbòǹgbò àjàrà ń mu. Àwọn ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì tó ti yọ́ sínú omi ilẹ̀ ń bá omi náà gòkè lọ sínú ewé àti èso, ọ̀kan nínú wọn sì ni sítírọ́ńṣíọ́mù. Igi àjàrà kò nílò rẹ̀ fún ohunkóhun. Kálísíọ́mù ni igi ń wá, sítírọ́ńṣíọ́mù sì jọ kálísíọ́mù débi pé ó ń bá a wọlé bí àlejò tó tẹ̀lé ọmọ ilé kọjá lójú ẹ̀ṣọ́. Èyí tó ń dé inú wáìnì kéré, nǹkan bíi mílígíráàmù kan nínú lítà kan ni tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó ẹ̀rọ í kà.

Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo átọ́ọ̀mù sítírọ́ńṣíọ́mù, àmọ́ ìwúwo wọn kò dọ́gba. Oríṣi mẹ́rin ló wà, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà 84, 86, 87 àti 88 dá mọ̀. Irú àwọn ọmọ ìyá tí ìwúwo wọn yàtọ̀ báyìí ni wọ́n ń pè ní áísótóòpù. Mẹ́ta nínú wọn, bí wọ́n ṣe wà láti ìgbà tí aláyé ti dáyé náà ni wọ́n wà. Ìkẹrin, ìyẹn 87, ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì mìíràn tó ń jẹ́ rùbídíọ́mù ń jẹrà, ó sì ń di sítírọ́ńṣíọ́mù 87. Ìjẹrà yìí lọ́ra púpọ̀: ó máa gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 49 ọdún kí ìdajì rùbídíọ́mù 87 tó wà nínú òkúta kan tó yí padà, bẹ́ẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ kò tíì pé bílíọ̀nù 5 ọdún. Nítorí náà, àpáta tó ti pẹ́, tí rùbídíọ́mù sì pọ̀ nínú rẹ̀, ni 87 rẹ̀ máa ń pọ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Bí 87 ṣe pọ̀ tó sí 86 ni wọ́n ń wọ̀n. Nínú àwọn òkúta òkè Etna ní erékùṣù Sicily, ìpín yìí wà láàárín 0.703 àti 0.704. Nínú òkúta ẹfun tí òkun àtijọ́ tẹ́ sílẹ̀ ní Chablis, ní ilẹ̀ Faransé, ó wà ní àyíká 0.707. Omi òkun òde òní jẹ́ 0.709, àwọn àpáta granite tó ti pẹ́ sì lè kọjá 0.720. Lójú wa, nọ́ńbà wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà; ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ń ka nọ́ńbà karùn-ún lẹ́yìn àmì désímà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín 0.703 àti 0.707 sì jẹ́ ọ̀nà jíjìn fún un.

Ohun tó jẹ́ kí nọ́ńbà yìí wúlò ni pé igi kì í ya 87 sọ́tọ̀ kúrò lára 86. Bí ó ṣe bá wọn nínú omi ilẹ̀ ló ṣe ń gbà wọ́n, ìwúkàrà tó ń sọ ṣúgà èso di ọtí náà kì í sì í yà wọ́n. Láti ọdún 1993 ni àwọn olùwádìí ní Jámánì ti tẹ iṣẹ́ kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti tọ ipasẹ̀ ìpín yìí láti inú àpáta àti ilẹ̀ dé inú igi àjàrà, títí dé inú wáìnì.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń ṣe é, sùúrù ló gbà ju ọgbọ́n lọ. Onímọ̀ náà á fa ìwọ̀nba wáìnì tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ sínú ife Teflon, á gbé e ka orí pẹpẹ gbígbóná títí omi àti ọtí ibẹ̀ á fi fà tán, tí ohun tó kù ní ìdí ife á sì dúdú, tí á máa fà bí oyin. Á da ásíìdì nitric lé e lórí. Yóò hó, èéfín pupa rúsúrúsú á yọ, á jẹ́ kí ó gbẹ, á tún da òmíràn sí i, títí àwọ̀ pupa àti ṣúgà àti gbogbo ohun tó wá láti ara ewéko á fi jó dànù, tí iyọ̀ funfun díẹ̀ nìkan á kù. Ibẹ̀ ni wàhálà gidi ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí rùbídíọ́mù 87 àti sítírọ́ńṣíọ́mù 87 kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ṣùgbọ́n tí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, ìwúwo wọn kò ṣeé yà sọ́tọ̀, rùbídíọ́mù sì pọ̀ nínú wáìnì. Bí ó bá kù síbẹ̀, irọ́ ni ẹ̀rọ máa pa. Onímọ̀ náà á wá fi ásíìdì yọ́ iyọ̀ yẹn, á rọ ọ́ sínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò nípọn tó ìka ọwọ́, tí wọ́n ti kó hóró resin wínníwínní sí nínú. Resin á di sítírọ́ńṣíọ́mù mú, rùbídíọ́mù á sì bá ásíìdì kán jáde ní ìsàlẹ̀. Nígbà tó bá dá a lójú pé ó ti lọ tán, á fi omi mímọ́ ṣan ọ̀pá náà, sítírọ́ńṣíọ́mù á wá jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ohun tó máa kù nígbà tí omi yẹn bá gbẹ kò ju àbàwọ́n kékeré kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Òun ni wọ́n ń gbé wọ inú ẹ̀rọ tí ń wọn ìwúwo átọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè: Bí ilẹ̀ ibi méjì tó jìnnà síra bá wá jọra ńkọ́? Òkúta ẹfun kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo.

Èsì: Ìbéèrè tí àwọn tó ń ta ayédèrú máa ń bi ara wọn ni ẹ bi wá yìí. Òótọ́ lẹ sọ. Gbogbo òkúta ẹfun tí òkun tẹ́ sílẹ̀ ní sáà kan náà ló gba ìpín òkun sáà yẹn, níbikíbi tí ó bá wà lórí ilẹ̀ ayé. Bí ìwé ara ìgò bá ní Chablis, tí ẹ̀rọ sì kà á sí 0.707, ohun tí a mọ̀ kò ju pé nọ́ńbà náà kò ta ko ìwé. Ó lè jẹ́ Chablis, ó sì lè jẹ́ òkè mìíràn tí òkun kan náà ti bò rí.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wo omi inú wáìnì fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ́síjìn inú omi ní oríṣi tó fúyẹ́, 16, àti oríṣi tó wúwo, 18. Nígbà tí ìkùukùu bá ti ojú òkun gbéra wọ inú ilẹ̀, omi tó ní ọ́síjìn 18 ló máa ń kọ́kọ́ rọ̀ dànù nínú òjò, nítorí náà bí a ṣe ń jìnnà sí òkun, tí a sì ń gun òkè, ni òjò ń fúyẹ́ sí i. Gbòǹgbò á mu òjò yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá dé inú ewé, oòrùn á máa fà á, èyí tó fúyẹ́ á máa ṣáájú fò lọ sínú afẹ́fẹ́, èyí tó wúwo á sì máa ṣẹ́kù. Bí ojú ọjọ́ bá ṣe gbóná, tí ó sì gbẹ tó, bẹ́ẹ̀ ni omi inú èso ṣe máa ń wúwo tó.

Ẹ wo ohun tí èyí mú wá. Bí àpáta ṣe wà lónìí náà ló ṣe máa wà ní ìgbà tí ọmọ-ọmọ wa bá dàgbà, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kì í rí bákan náà lọ́dún méjì. Bí òjò bá rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìkórè, nọ́ńbà ọ́síjìn, ìyẹn bí 18 ṣe pọ̀ tó sí 16, á wálẹ̀. Bí ọ̀dá bá dá, á gòkè. Ọgbà kan náà, onílé kan náà, nọ́ńbà ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ́síjìn dájọ́ wáìnì ọdún kan gbọ́dọ̀ ní wáìnì mìíràn lọ́wọ́ tí ó dá a lójú pé láti ibẹ̀ ni, ní ọdún yẹn gan-an.

Iṣẹ́ mìíràn tí mo sọ pé kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìyẹn. Ní ọdún 1991, àwọn aláṣẹ tó ń ṣàkóso ohun tí a ń pè ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù báyìí ṣe òfin tó dá àkójọ èsì àyẹ̀wò wáìnì sílẹ̀, ilé ìwádìí wọn tó wà ní Ispra ní Ítálì ló sì wá ń bójú tó o. Lọ́dọọdún, orílẹ̀-èdè tó ń pọn wáìnì á rán òṣìṣẹ́ lọ sí àwọn ọgbà tí wọ́n mọ̀, wọ́n á ká èso níbẹ̀, wọ́n á pọn ọ́n lójú ara wọn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì fi èsì ránṣẹ́ sí àkójọ náà. Ní tèmi, àkójọ yìí níye lórí ju ẹ̀rọ tó wọ́n jù lọ. Owó ń ra ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n èso ọdún tó ti kọjá lọ, kò sí owó tó lè rà á tí ẹnikẹ́ni kò bá ká a nígbà náà.

Mo fi kún un pé kì í ṣe ibi tí èso ti hù ni wọ́n kọ́kọ́ dá àkójọ yìí sílẹ̀ fún, bí kò ṣe ṣúgà. Gérard Martin àti Maryvonne Martin ní yunifásítì Nantes, ní ilẹ̀ Faransé, ló ṣàwárí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989 bí a ṣe lè wo ibi tí háídírójìn tó wúwo wà lára ọtí, kí a sì fi mọ̀ bóyá ṣúgà èso àjàrà ló bí ọtí náà tàbí ṣúgà bíìtì tí ẹnìkan dà sí i. Ní ti ṣúgà ìrèké, kábọ́ọ̀nù 13 ló ń tú u fó, nítorí ọ̀nà tí ìrèké ń gbà fi oòrùn ṣe oúnjẹ yàtọ̀ sí ti àjàrà.

Ìbéèrè: Mo mọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ pípọn wáìnì. Wọ́n máa ń da amọ̀ kan sí i kí ó lè mọ́ kedere, àwọn mìíràn ń da ẹfun sí i kí kíkan rẹ̀ lè dín kù, kí a má tíì sọ ti ajílẹ̀ tí wọ́n ń fọ́n sí ọgbà. Ṣé gbogbo èyí kò ní da àyẹ̀wò rú?

Èsì: Ó ń da àwọn kan rú, kì í sì í ṣe gbogbo wọn lọ́nà kan náà. Amọ̀ tí ẹ sọ ni bentonite. Ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ọkàn tán àwọn ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní rare earth, tí wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra nínú ilẹ̀ ni wọ́n á ṣe tò nínú wáìnì. Ṣùgbọ́n wọ́n kéré púpọ̀ nínú wáìnì, wọ́n sì pọ̀ nínú amọ̀ yẹn, nítorí náà bí amọ̀ bá ti kàn án, ìtàn amọ̀ ni ẹ̀rọ á máa kà jáde. Sítírọ́ńṣíọ́mù kì í tètè yí bẹ́ẹ̀, torí èyí tó ti wà nínú wáìnì tẹ́lẹ̀ pọ̀ ju èyí tí amọ̀ ń mú wá lọ. Ẹfun ló yẹ kí a ṣọ́ra fún jù, nítorí òun pẹ̀lú ní sítírọ́ńṣíọ́mù tirẹ̀ tó gbà nínú òkun tó bí i. Bákan náà ni ajílẹ̀ àti omi tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà, pàápàá bí omi náà bá ti ọ̀nà jíjìn wá.

Àṣìṣe kan wà tó burú ju gbogbo èyí lọ, àwọn onímọ̀ fúnra wọn ló sì ń ṣe é: kí ènìyàn mú àwòrán ilẹ̀ tó fi irú àpáta ibẹ̀ hàn, kí ó sì gbà pé nọ́ńbà àpáta náà ni nọ́ńbà wáìnì. Gbòǹgbò kì í jẹ àpáta. Ohun tó yọ́ sínú omi nìkan ló ń mu, àwọn hóró kan nínú granite kì í sì í tètè jọ̀wọ́ ohun tó wà nínú wọn, nígbà tí àwọn mìíràn ń yọ́ kíá. Nítorí náà nọ́ńbà ohun tí igi lè mu sábà máa ń yàtọ̀ sí ti odindi àpáta. Eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá àti ìkùukùu omi iyọ̀ láti òkun ń fi tiwọn kún un.

Ní ti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ tanni jẹ, ohun tó rọrùn fún un jù ni àdàlù. Bí wáìnì kan bá jẹ́ 0.705, tí òmíràn jẹ́ 0.715, tí sítírọ́ńṣíọ́mù inú méjèèjì sì pọ̀ bákan náà, bí ó bá da ìdajì-ìdajì wọn pọ̀, 0.710 ló máa rí, ó sì lè jẹ́ pé nọ́ńbà ibi tó fẹ́ pa irọ́ mọ́ nìyẹn. Kí ó tó lè mú kí ọ́síjìn, kábọ́ọ̀nù àti ogún ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì mìíràn bá irọ́ kan náà mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iṣẹ́ rẹ̀ á ti wọ́n ju èrè lọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé gbogbo àdàlù kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, wáìnì tó ní orúkọ agbègbè tí òfin ń dáàbò bò pátápátá gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èso agbègbè yẹn nìkan, ṣùgbọ́n fún orúkọ agbègbè onípele kejì, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ti tó. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èwo nínú méjèèjì ló wà lára ìgò.

Ìbéèrè: Àwọn tó mọ wáìnì í tọ́ wò máa ń sọ pé àwọn ń gbọ́ adùn òkúta nínú rẹ̀. Ṣé ohun kan náà ni wọ́n àti ẹ̀rọ ń bá pàdé?

Èsì: Rárá o. Sítírọ́ńṣíọ́mù inú wáìnì kò ní adùn tí ahọ́n lè gbọ́, 87 àti 86 kò sì yàtọ̀ lẹ́nu. Ohunkóhun tí wọ́n bá ń gbọ́, kíkan èso, iṣẹ́ ìwúkàrà àti bí wọ́n ṣe pọn ọtí náà ló sún mọ́ ọn jù. Kì í ṣe pé mo ń bá adùn wọn jà.

Ìbéèrè: Mo ra ìgò wáìnì àtijọ́ kan tí wọ́n kọ ọdún 1934 àti orúkọ ọgbà ńlá kan ní Bordeaux sí lára. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé kí n gbé e lọ fún irú àyẹ̀wò yìí?

Èsì: Ẹ má tíì ṣí i. Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yín, ìyẹn ọdún àti ilẹ̀, ti ọdún ló sì rọrùn jù. Kó tó di pé bọ́ǹbù átọ́míìkì bú gbàù ní ọdún 1945, kò sí sísíọ́mù 137, ìyẹn ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì kan tí bọ́ǹbù náà ń tú jáde, tó sì ń tan ìtànṣán, nínú afẹ́fẹ́ ayé. Láti ìgbà náà, ó ti bà lé ewé àti ilẹ̀ gbogbo, ó sì pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969 tí wọ́n ń dán bọ́ǹbù wò lemọ́lemọ́. Philippe Hubert, onímọ̀ físíìsì kan ní Bordeaux, fi hàn pé ìtànṣán rẹ̀ ṣeé kà láti ẹ̀yìn ìgò, láìfọwọ́ kan ìdérí. Bí sísíọ́mù 137 bá wà nínú wáìnì tó ní ọdún 1934 lòun, irọ́ ni, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ò tíì lè búra fún 1934, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òjé náà máa ń ṣe ẹlẹ́rìí ọdún. Ní 1994, àwọn olùwádìí tẹ èsì wáìnì Châteauneuf-du-Pape, ní ilẹ̀ Faransé, jáde, láti ọ̀pọ̀ ọdún tó tẹ̀ léra, tí ọgbà wọn wà lẹ́bàá títì ńlá: òjé tó ti inú epo pẹtiróòlù wá ń pọ̀ sí i nínú ìgò bí mọ́tò ṣe ń pọ̀ sí i, ó sì wálẹ̀ nígbà tí wọ́n dín òjé inú epo kù.

Ti ilẹ̀ ló le. Kí ẹ tó náwó lé e, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé rírà àti títà. Ní ọdún 2010, ilé ẹjọ́ kan ní Carcassonne, ní ilẹ̀ Faransé, dá àwọn oníṣòwò kan lẹ́bi pé wọ́n ta wáìnì èso mìíràn, wọ́n sì pè é ní Pinot Noir, tó jẹ́ orúkọ irú èso àjàrà kan. Kì í ṣe áísótóòpù ló kọ́kọ́ tú wọn fó, bí kò ṣe pé iye tí wọ́n ń tà ju iye Pinot Noir tí gbogbo agbègbè náà ń so lọ. Bí ìwé yín bá mọ́, tí ẹ sì ṣì fẹ́ àyẹ̀wò, ẹ bi ilé àyẹ̀wò náà kí wọ́n tó fa ìdérí ìgò yọ: wáìnì ọgbà wo, ti ọdún wo, ni wọ́n fẹ́ fi ti yín wé? Bí wọn kò bá ní ọ̀kankan láti àyíká Bordeaux tí ó dá wọn lójú, ẹ gba ìgò yín padà.